Sípíkà Méjì Tó Wà Lẹ́yìn Àga

Mo ti gun àkàbà, mo ń yẹ wáyà sípíkà kejì wò lára ògiri ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, kí n tó lè la ẹnu. Mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde. Ohun kan wà tí mo fi pamọ́ fún yín láti oṣù mẹ́jọ. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀ láìsọ ọ́, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́." Wọ́n gbójú sókè wò mí láti orí àga wọn. Ìyàwó wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, gbé aṣọ tí wọ́n ń rán sílẹ̀. Ohun tí mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ síbí, n kò sì ní yọ ibi tó burú jù kúrò níbẹ̀.

Iṣẹ́ iná àti ohùn ni mo ń ṣe. Ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi ni mo fi kọ́ ọ, ọdún mẹ́ta gbáko, lórí tábìlì ilé ìdáná. Mo kórìíra ìfiṣòfò débi pé Máfiṣòfò ni Bùọ̀dá ń pè mí. Bí wọ́n bá ti rí mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ẹ tètè pa iná yàrá o, Máfiṣòfò ti dé." Àwọn ni ọ̀gá mẹkáníìkì ní ọgbà tí wọ́n ti ń tún bọ́ọ̀sì ṣe, etí ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́. Bí bọ́ọ̀sì bá ń wọlé bọ̀, wọ́n á ti mọ ohun tó ń ṣe é kí awakọ̀ tó sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ pálọ̀ wọn di ilé sinimá, èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn yan sípíkà tí kò ní ju agbára wọn lọ. Mo ṣe é tọkàntọkàn. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ni mo dé. N kò wo nọ́ńbà ńláńlá tí wọ́n kọ sára páálí. Mo fi ìka kan àpótí wò, èyí tó bá dún bí agolo òfìfo, mo fi í sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ dán an wò, nítorí ariwo kì í jẹ́ kéèyàn mọ sípíkà tí kò dára. Èyí tí mo yàn kò wọ́n, ó sì dára: mẹ́ta fún iwájú, méjì fún ẹ̀yìn, ọ̀kan ńlá fún ohùn ìsàlẹ̀, ìyẹn béèsì, àti àpótí ẹ̀rọ tó ń pín ohùn fún gbogbo wọn. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn nínú fíìmù, ẹ̀yìn rẹ gan-an ni wàá ti gbọ́ ọ. Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí, ǹ bá má ti ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní tí mo gbà ni pé èèyàn kì í so wáyà mọ́ ẹ̀rọ nígbà tí iná bá wà lára rẹ̀. Mo máa ń fi í bá àwọn ẹlòmíràn wí. Lọ́jọ́ tí mo ń to ti Bùọ̀dá, mo fi iná sílẹ̀ kí n má baà fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò. Fọ́nrán wáyà méjì kan ara wọn. Ó dún tá, òórùn jíjó gba imú mi. Ihò méjì tó ń gbé ohùn lọ sẹ́yìn lára àpótí ẹ̀rọ náà ti kú, àwọn tó kù ṣì ń ṣiṣẹ́. Bùọ̀dá wà níta, wọ́n ń fọ ọwọ́. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n pè wọ́n. Ṣùgbọ́n èmi, Máfiṣòfò, kí n wá sọ pé mo ti ba ọjà tuntun jẹ́? Mo kan sípíkà méjèèjì mọ́ ògiri, mo fa wáyà wọn gún régé gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì fi ẹnu wáyà náà sílẹ̀ láìso ó mọ́ ohunkóhun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a jókòó wo fíìmù kan tí òjò ń rọ̀ nínú rẹ̀. Bùọ̀dá yí orí sẹ́yìn.

"Máfiṣòfò, ṣé ti ẹ̀yìn yìí ń dún?"

"Ó ń dún, Bùọ̀dá. Jẹ́jẹ́ ni tiẹ̀. Ó gba etí tó dáa."

Àǹtí, tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe àwọn ní arúgbó, mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Mo ń gbọ́ ọ kẹ̀. Ó ń kán sí mi létí."

Bùọ̀dá ní, "Ìwọ tí mo máa ń pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó o tó dáhùn?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bùọ̀dá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò bèèrè mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ṣọ́ etí wọn bí ẹni ń ṣọ́ olè. Bí wọ́n bá gbọ́ nǹkan lára ẹ́ńjìnnì, wọ́n á kọ́kọ́ bi ẹni tó wà nítòsí bóyá òun náà gbọ́ ọ. Bí onítọ̀hún bá ní rárá, wọ́n á dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jẹ́ kí bọ́ọ̀sì kan jáde, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi kú lórí afárá pẹ̀lú èrò nínú. Kò sẹ́ni tó farapa, àmọ́ ọkàn wọn kò balẹ̀ mọ́. Wọ́n wá bá mi nílé.

"Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ ohùn. Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé etí mi ti ń lọ ni?"

Èsì tí mo fún wọn ni ìwà tó burú jù tí mo tíì hù. Mo ní, "Ọjọ́ orí ni, Bùọ̀dá. Ẹ lọ sinmi." Wọ́n ní kí n bá wọn kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀, torí pé mo mọ ìwé kọ. Mo kọ ọ́. Mo tún fi rúlà fa ìlà sábẹ́ àkọlé rẹ̀, kó lè mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Àǹtí sọ fún ìyàwó mi pé láti ìgbà tí Bùọ̀dá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, láràárọ̀ ni wọ́n ń dìde dúró lẹ́yìn àga, tí wọ́n á na etí sí sípíkà ẹ̀yìn títí fíìmù á fi parí. Mo ra àpótí ẹ̀rọ mìíràn, mo gbé àkàbà.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ti ń so wáyà náà. Àǹtí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá àwọn ọmọ, mi ò gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn."

Mo tan iná, mo fi fíìmù sí i. Ọkọ̀ kan gba ẹ̀yìn wa kọjá. Bùọ̀dá ò yíjú.

"Ohùn ti òsì ga ju ti ọ̀tún lọ," wọ́n wí.

Èmi ò gbọ́ ọ. Mo fi irinṣẹ́ wọ̀n ọ́n, òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo tún un ṣe, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dárí jì mí.

"Ẹlòmíràn ti wà lórí àga mi níbi iṣẹ́," ni wọ́n fi dá mi lóhùn. "Ìwọ lo kọ lẹ́tà yẹn. Lọ kọ òmíràn, kó o sọ ohun tó o ṣe nínú rẹ̀. Kó o gbé e lọ fúnra rẹ, kó o sì dúró kí wọ́n kà á tán lójú rẹ."

"Bí wọ́n bá ní kò sí àyè mọ́ ńkọ́?"

"Kó o padà wá sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí gẹ́lẹ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ohun tí ẹ bá bà jẹ́, ẹ sọ ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Ẹ̀rọ tó jóná ṣeé rà padà. Èmi kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ra iṣẹ́ àti ìbàlẹ̀ ọkàn tí mo gbà lọ́wọ́ Bùọ̀dá.

Mo kọ lẹ́tà náà lórí tábìlì wọn, mo kó irinṣẹ́ mi sínú àpò, mo gbé àkàbà lé èjìká. Wọn ò sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Mo gba ọ̀nà ọgbà bọ́ọ̀sì lọ.