Fíìmù Tó Já Lu Àwọn Ọmọdé Lójú, àti Ibi Tí Wọ́n Mú Mi Lọ Nítorí Rẹ̀

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, orí ìkúnlẹ̀ ni mo fẹ́ ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé mi dìde.

Gbogbo yín mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì àwọn ọmọdé tí mò ń kọ́. Mò ń fi fíìmù ọkọ̀ Nóà hàn wọ́n lórí fóònù mi, ni fíìmù àgbàlagbà, ohun ìtìjú gbáà, bá já lù wọ́n lójú. Mo ní Tọ́pẹ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbà mí gbọ́. Ẹ mú un kúnlẹ̀ níwájú ìjọ, láti ọjọ́ náà kò sì wá mọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, mo gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì. "Olúwa, ṣàánú" ṣì wà lẹ́nu mi tí oorun fi gbé mi lọ. Mo rí obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, "Tíṣà, dìde, jẹ́ ká lọ."

Ibi ìsinmi la kọ́kọ́ dé. Atẹ́gùn ibẹ̀ tutù, ara tù mí. Mo rí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá Tọ́pẹ́, tó máa ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì yìí kó tó kú. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀ ti nà. Mo sáré lọ kí i. Ó wò mí, ó ní, "Tíṣà, ọmọ ọmọ mi dà?"

Mo gbé ojú mi kúrò lójú rẹ̀. Obìnrin aláṣọ funfun náà, olùdarí mi, fà mí lọ́wọ́, ó ní, "Ibí kọ́ ni tìrẹ."

Ẹ̀yin ará, ọ̀run àpáàdì ń bẹ! Mo rí ilé ńlá kan nínú iná. Wọ́n ya àwọn ẹranko tó ń rẹ́rìn-ín sí iwájú rẹ̀, bí ibi eré ọmọdé. Ibi àgbèrè ni ẹ̀yìn rẹ̀, aṣọ ìkélé kan ṣoṣo ló sì wà láàrin méjèèjì. Àwọn tó kọ́ ilé náà ń fi ọwọ́ lásán fa aṣọ ìkélé náà, iná sì ni aṣọ ọ̀hún, bí wọ́n bá bo ọ̀tún, òsì á ṣí, wọ́n ń ké pé, "A ní kí àwọn òbí máa tì í! A ní kí wọ́n tì í!"

Olùdarí mi ní, "Àwọn tó ṣe áàpù fíìmù inú fóònù rẹ nìyí. Wọ́n mọ̀ pé ọmọdé ń bọ̀. Wọ́n ní kí àgbà àti ọmọdé máa gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, kí èrò lè pọ̀."

Àwọn alágbèrè wà níbẹ̀, ojú wọn kò ṣeé pa dé. Àwọn òpùrọ́ wà níbẹ̀, ahọ́n wọn gùn wọ́lẹ̀, àwọn fúnra wọn ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Láàrin wọn ni mo ti rí àga kékeré kan, irú ti kíláàsì wa, ó pọ́n bí ẹ̀yinná. Kò sẹ́ni tó jókòó sí i.

Mo bi í pé, "Ta ló ni í?"

Ó ní, "Ta ló ti ń wo fíìmù yẹn tẹ́lẹ̀?"

Mo figbe ta, èmi ni, èmi ni mò ń dá wò ó tí ọkọ mi bá ti lọ síbi iṣẹ́, inú áàpù kan náà tí mo ti ń mú fíìmù àwọn ọmọdé ni, ó rántí ibi tí mo wò ó dé, bí ti Nóà ṣe parí ló fúnra rẹ̀ gbé tèmi wá, Tọ́pẹ́ kàn bá mi di fóònù mú ni, kò tẹ nǹkan kan, ọ̀nà wà tí mo lè fi tì í kí ọmọdé má lè rí i, mi ò tì í, torí ọkọ mi á bi mí pé kí ni mò ń tì, ẹ ṣàánú mi, ẹ ṣàánú mi!

Ó ní, "Èmi kọ́ ló yẹ kí o sọ fún."

Igbe ni mo fi jí. Nígbà tí ọkọ mi dé, mo jẹ́wọ́ fún un. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní. Mo lọ sílé Tọ́pẹ́, mo kúnlẹ̀ fún un. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò, kò wo ojú mi.

Ó ní, "Tíṣà mà, mo gbàdúrà kí Ọlọ́run sọ fún wọn pé èmi kọ́. Kò sọ. Mi ò gbàdúrà mọ́."

Ẹ̀yin ará, Tọ́pẹ́ kọ́. Èmi ni.

Ẹ yẹ inú fóònù yín wò kí ẹ tó gbé e lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì ti fi ọmọdé bo ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ nínú ilé yìí, kó dìde báyìí, kó sọ ọ́ jáde. Ọmọ náà ń retí pé kí Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ẹnu yín sì ni Ọlọ́run fẹ́ fi sọ ọ́.