Ẹja Inú Kànga

Níbi tí a ti ń tò fún omi lẹ́nu ẹ̀rọ mọ́ṣáláṣí kan ní Ọ̀rányàn ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láàárín ìyá àgbà kan àti obìnrin kan tó pọn ọmọ.

"Ìyá ọmọ, ṣé kànga tiyín náà gbẹ ni?"

"Kò gbẹ, màmá. Àrọ̀ kékeré tó wà nínú rẹ̀ ló kú."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. "Èyí tí kò ní tóbi ju ìka lọ yẹn? Ṣé ẹja ò gbọdọ̀ kú ni?"

"Ẹ má rẹ́rìn-ín, màmá. Láràárọ̀ la máa ń ju ẹ̀kọ díẹ̀ sí i. Bó bá jáde wá jẹ ẹ́, a mọ̀ pé omi dára nìyẹn. Ṣùgbọ́n lónìí, kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ ń ké, mo kàn sáré fa omi, mo fún un mu. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni mo rí ẹja náà tó yí ikùn sókè. Àjẹkù ẹ̀kọ àná ṣì wà lójú omi."

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Òun ló wà lẹ́yìn mi yìí. Ó ń sùn."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tó ti mu omi náà."

Ìyá àgbà ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Jí i."

"Ẹ̀rù ń bà mí, màmá. Tí mo bá jí i tí kò jí ńkọ́?"

Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló tú ọ̀já, ó gbé ọmọ náà mọ́ra, àwọn méjèèjì sì sáré gba ọ̀nà ilé ìwòsàn. Mo tẹ́tí títí, n ò gbọ́ ẹkún.

Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ bá ń ké nílé wa, Alhamdulillahi ni mo máa ń sọ.