Mo Kúnlẹ̀, Òkúta Ni Mo Ń Kà

Mo kúnlẹ̀ o! Bàbá Alfa, ẹ má wulẹ̀ bi mí lẹ́ẹ̀kejì, mo kúnlẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, láìwọ bàtà, orúnkún mi méjèèjì kanlẹ̀, ṣùgbọ́n ṣé nítorí ìyẹn ni Ṣàíbù yóò fi ránṣẹ́ sí èmi Bùsàrí káfíńtà pé òun kò ní í jẹ́ kí wọ́n so yìgì ọmọ òun pẹ̀lú Morufat ọmọ mi ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí, pé bàbá ìyàwó ti di onígbàgbọ́? Onígbàgbọ́! Èmi tí mo kan mínbárì tí ẹ ń dúró lé ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀!

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Mo ti pé ọdún mẹ́tàlélógójì kí n tó mọ A, ẹ̀yin náà mọ̀. Tíṣà Fẹ́mi tó ń kọ́ àwa àgbà níwèé ní Ìta Fájì ló ní kí a jáde lọ wo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó wà ní abúlé lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, kí a fojú rí ohun tí a kà nínú ìwé ìtàn. A wọ lọ́rì láti Apọ́ngbọ̀n ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá. Mẹ́ta la wò lọ́jọ́ náà, ẹnu ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sì bọ́ bàtà sí. Kí lẹ wí? Àwọn fúnra wọn kì í bọ́ ọ? Èmi ń bọ́ ọ. Ilé tí wọ́n bá ti ń pe Ọlọ́run, n kì í wọ bàtà wọ̀ ọ́, kí oníkálukú máa pè é bó ṣe mọ̀ ọ́n pè.

Ìkẹta yìí, ilé amọ̀ ni, òrùlé rẹ̀ ga, ìrókò ni wọ́n fi kan án, kò tẹ̀ níbì kan. Mo ń wòkè, mo ń wòkè, ni ẹsẹ̀ mi bá kan lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ilẹ̀. Ṣé kí n máa tẹ̀ ẹ́ lọ ni? Lẹ́tà náà ti ń parẹ́, èmi kò sì lè kàwé láìfi ìka tọ̀ ọ́. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ nìyẹn. Mo pẹ́ níbẹ̀, n kò ní í purọ́. "Jákọ́bù, káfíńtà, ló kan òrùlé yìí. Ó sùn síbí." Bàbá Alfa, ìwé àkọ́kọ́ tí mo dá kà tán láyé mi nìyẹn. Omi bọ́ lójú mi. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn náà ṣẹlẹ̀, ẹ fi kún un.

Ìgbà náà ni Kàsímù wọlé. Kàsímù aránṣọ, tí a jọ wà ní kíláàsì kan náà! Ó rí mi lórí ìkúnlẹ̀, ó pa ẹnu mọ́ títí a fi dé Èkó, ó wá gba ọ̀dọ̀ Ṣàíbù lọ tààrà, ó ní mo ti di onígbàgbọ́. Ǹjẹ́ ó sọ fún un ibi tí òun alára ti ń bọ̀? Kò sọ. Àlùwàlá ló lọ ṣe, kí ìrun Àyìlà ọ̀sán má bàa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, nínú àwo òkúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ tuntun! Ó fi omi rẹ̀ yọ ẹnu, ó fi bọ́ ojú, ó ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́. Èmi ni mo bẹ olùtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì náà tí kò fi lù ú. Súbúhánálláhì! Nínú àwa méjèèjì, ta ni omi ìrìbọmi kàn?

Ìyá Morufat ní kí n sọ pé fìlà mi ló jábọ́, pé mo bẹ̀rẹ̀ mú un ni. Ẹ̀yin náà tún ń sọ ọ́ nísinsìnyí. Fìlà! Fìlà mi wà lórí mi. Láti àná tí iṣẹ́ Ṣàíbù ti dé, ọmọ náà kò jẹun, ojú rẹ̀ ti wú, mo rí i, ẹran ara lèmi náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi irọ́ so yìgì ọmọ mi, ṣé irọ́ náà ni yóò máa bá a gbé ilé ọkọ?

Rárá. Ẹ dìde, ẹ wọ bàtà yín, ká jọ lọ bá Ṣàíbù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkè Àrin. Kí ó gbé Àlùkùránì sílẹ̀, màá búra: mo kúnlẹ̀, káfíńtà ẹgbẹ́ mi ni mo ń kà. Tí ó bá wá jẹ́ pé àna tó mọ irọ́ pa ló wù ú, Kàsímù bí obìnrin mẹ́ta, gbogbo wọn ló wà nílé.