Èmi Ni Mo Ti Ìlẹ̀kùn Ìsìnkú Mọ́ Ọmọ Eyínafẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín. Èmi kò mọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi, Adéọlá, ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má bi mí ní nǹkan kan títí n ó fi dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ní sùúrù.

Mo ṣe òkú kan níbi. Mo sì ṣe alààyè kan níbi pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tí mo ṣe fún òkú kò dùn mí. Ti alààyè ló ń dùn mí dòní.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn kan wá láti Ìlaró, wọ́n fẹ́ kí Adéọlá bá wọn ṣe ìkànnì ayélujára fún ilé ẹ̀kọ́ wọn. Mo wà nínú yàrá, mo ń gbọ́. Ọmọ yìí ní òun kò ní lè ṣe é. Ó ní, "Ẹ má fi nǹkan yín lé mi lọ́wọ́. Mo ti ba ti ìdílé wa jẹ́." Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n gun ọ̀kadà wọn, wọ́n lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Òkú tí mo ń sọ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, ẹ ṣáà mọ̀. Orúkọ tí mo fún un nígbà tí mo wọlé ọkọ ni Eyínafẹ́, nítorí eyín rẹ̀ funfun, ó sì gún. Orúkọ yẹn náà ni n ó máa pè é níbí. Ó kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ayétòrò níhìn-ín, ó wá di ọba lé gbogbo àwa ìyàwó ilé lórí.

Inú rírun ló pa ọkọ mi. Eyínafẹ́ ní èmi ni mo fún un ní nǹkan jẹ. Kò sí ẹni tó rí i, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ni òfin nínú ilé yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ sin ín, ó fà mí wọ yàrá tí a ń kó àgbàdo sí, ó fi àgádágodo tì í. Mo ń gbọ́ ìró ọkọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀. Mo ń gbọ́ orin. Mo ní, "Eyínafẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ojú rẹ̀ nìkan ni kí n rí." Ó dá mi lóhùn láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn pé, "Sun ẹkún rẹ níbẹ̀. Ẹni tó pa á kò ní bá wa wò ó."

Wọ́n ti bo sàréè tán kí wọ́n tó ṣí mi sílẹ̀. N kò rí ojú ọkọ mi mọ́ láyé. Mo sì bá obìnrin yìí gbé inú ilé kan náà láti ìgbà náà títí ó fi kú. Mo ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. Mo ń fọ abọ́ tó fi jẹun. Àwọn èèyàn ní mo ní sùúrù. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe sùúrù. Mo ń dúró dè é ni.

Àwọn ọmọ ìdílé tó wà ní Kútọnu, ní Gàbọ̀n àti nílùú òyìnbó ló ní kí ìdílé wa ní ìkànnì. Adéọlá tó kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ní kó máa bójú tó o. Orí tábìlì ní pálọ̀ mi ló ti ń ṣe é, torí ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń dúró. Èmi á jókòó tì í, mo ń ṣa ẹ̀wà, òun á máa ṣàlàyé fún mi. Ó ní kí n wò ó bí agbo ilé. Yàrá ìròyìn wà níbẹ̀, yàrá àwòrán wà níbẹ̀, yàrá àwọn tó ti kú wà níbẹ̀. Ọ̀kan tún wà tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ará ìdálẹ̀ rí òde bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Lọ́tọ̀lọ́tọ̀ ló ń to yàrá kọ̀ọ̀kan: ẹni tó lè wọlé, ẹni tó lè sọ̀rọ̀, ohun tí àlejò máa rí. Mo bi í bóyá ilé ìdáná wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn ló kù.

Lọ́jọ́ kan, Eyínafẹ́ wọlé bá wa. Yàrá àwọn òkú ni Adéọlá ń tò. Ó ti fi àwòrán ọkọ mi síbẹ̀, ó kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, ó kọ orúkọ tèmi náà. Eyínafẹ́ ní kó ka ohun tó wà níbẹ̀ fún òun. Nígbà tó gbọ́ orúkọ mi, ó na ọ̀pá rẹ̀ sí i.

Ó ní, "Yọ ìyẹn. Ìyàwó kì í ṣe ìdílé. Àlejò tó pẹ́ ni."

Adéọlá bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí wọ́n ṣe to yàrá náà, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń ṣí àyè ìyàwó, bí òun bá tì í, orúkọ gbogbo ìyàwó gbogbo òkú ilé náà ló máa lọ. Ó ní, "Ìyá àgbà, títí kan orúkọ ìyá tó bí ẹ̀yin gan-an."

Eyínafẹ́ ní, "Tì í."

Mo ń wo ọwọ́ ọmọ náà. Nǹkan róbótó kan wà lójú kọ̀ǹpútà náà tó ní àwọ̀ ewé. Ó tẹ̀ ẹ́, ó di àwọ̀ eérú. Ó wá tẹ nǹkan aláwọ̀ aró kan nísàlẹ̀. Nígbà tí Eyínafẹ́ lọ, mo bi í pé kí ni aláwọ̀ aró yẹn wà fún. Ó ní bí òun kò bá tẹ ìyẹn, gbogbo ohun tí òun ṣe á padà sí bó ṣe wà. Ìyẹn ló ń mú un dúró. Omi lé ròrò sójú ọmọ náà bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi kò sunkún. Mo fi sọ́kàn.

Kò pẹ́ sí i, Eyínafẹ́ dùbúlẹ̀ àìsàn, ó sì kú. Ọmọ kan ló bí, Débọ̀, tó ń gbé ní Gàbọ̀n. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀ nígbà náà. Bó bá jáde, kò ní lè padà wọlé bá ìyàwó àti ọmọ. Ó ní orí ìkànnì ni òun á ti máa wo ìsìnkú. Nílé wa, àkọ́bí ló ń kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sí òkú, á pe ìyá rẹ̀, á ní kó sùn re. Wọ́n ṣètò pé ẹlòmíràn á bá a bu erùpẹ̀, ohùn tirẹ̀ á ti orí ìkànnì wá sínú fóònù Adéọlá, á sì bọ́ sórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Eyínafẹ́ fúnra rẹ̀ ti di ọwọ́ Adéọlá mú lórí ibùsùn pé, "Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ọmọ mi o."

Láàárọ̀ ìsìnkú, Adéọlá to yàrá tí ará ìdálẹ̀ fi ń wo òde tán, ó dán an wò, Débọ̀ rí wa, a rí i. Ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó jáde lọ so fóònù mọ́ gbohùngbohùn. Èmi nìkan ló kù ní pálọ̀. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Mo tẹ ibi tí àwòrán kámẹ́rà wà, bí mo ṣe máa ń rí i tó ń tẹ̀ ẹ́. Mo rí aláwọ̀ ewé náà. Mo tẹ̀ ẹ́, ó di eérú. Mo wá tẹ aláwọ̀ aró.

Mo dìde, mo jáde lọ bá wọn.

Adéọlá ti dáwọ́ dúró báyìí. Ó ń wò mí. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.

Lẹ́bàá sàréè, wọ́n gbé òkú sílẹ̀, wọ́n ní kí Débọ̀ sọ̀rọ̀. Gbogbo wa kọjú sí gbohùngbohùn. Olórí ẹbí pè é, ó tún pè é. "Débọ̀, ìyá rẹ ń retí rẹ." A kò gbọ́ nǹkan kan. Fóònù Adéọlá ń ya àwòrán lọ ní tirẹ̀, kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò rí wa. Ó sì ti dí ọ̀nà ìpè kí ẹnì kan má baà dá iṣẹ́ dúró. Ẹnì kan nínú èrò ní, "Gàbọ̀n ti gba èdè lẹ́nu rẹ̀." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n bo Eyínafẹ́ láìgbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, n kò ní purọ́ fún yín. Inú mi dùn. Mo sun oorun tí n kò sùn rí láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú.

Ìrọ̀lẹ́ ni Débọ̀ rí wa pè. Ó ń sunkún bí ọmọdé. Ó ní òun jókòó síwájú ìkànnì, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kò sí nǹkan tó ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n pe Adéọlá. Ó ṣí ìdí ìkànnì, níbi tó ti ń to àwọn yàrá, ó rí i pé wọ́n ti yàrá náà, orúkọ tirẹ̀ ló sì wà níbẹ̀ pé òun ló tì í, torí orúkọ rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà náà ń lò. Ọmọ náà wò ó títí. Ó ní bóyá ọwọ́ òun ló ṣèèṣì kàn án. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹbí, ó jẹ́ obìnrin o, ó dọ̀bálẹ̀. Wọ́n gba ìkànnì lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ agbo ilé ń pè é ní Atìlẹ̀kùn, wọ́n ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ dòní.

Èmi wà níbẹ̀. Ẹ̀wà ni mo ń ṣà.

Mo dúró díẹ̀ níbi tí mo sọ ọ̀rọ̀ dé yìí, nítorí Adéọlá dìde, ó jáde. Ó pẹ́ níta. Nígbà tó wọlé, kò jókòó.

Ó ní, "Màmá, ẹ ń wò mí. Gbogbo ìgbà tí mo ń sunkún, ẹ ń wò mí."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, èmi ìyá bàbá rẹ̀. Kò yọ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì gbé mi dìde. Ó ní ìwé Débọ̀ ti jáde, ó ń bọ̀ wálé kí òjò tó dé. Ó ní kì í ṣe òun ló máa bá mi sọ ọ́ fún un. Ó wá jókòó, ó ní kí n parí ọ̀rọ̀ mi.

Ohun tó mú mi kọ sí yín nìyí. Mo fẹ́ fọ orúkọ ọmọ yìí mọ́ lójú gbogbo ẹbí. Mo fẹ́ bẹ Débọ̀, torí kò ṣẹ̀ mí rí. Àmọ́ nílé wa, ẹni tó bá ṣẹ òkú, orí sàréè ni wọ́n ti ń gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Á kúnlẹ̀, á kọ́kọ́ pe òkú, á ní kó dárí ji òun, kí ọmọ òkú tó lè gbé e dìde. Bí n kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kò ní gbà pé mo jẹ́wọ́, Atìlẹ̀kùn náà ni Adéọlá á máa jẹ́.

Orúnkún mi ti kúnlẹ̀ tó fún obìnrin yẹn nígbà tó wà láyé. Mo ti gbìyànjú ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu nígbà tí èmi nìkan wà, kò jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ dá mi lóhùn kí ọmọ yẹn tó dé. Ṣé ọ̀nà wà tí mo fi lè bẹ ọmọ láì bẹ ìyá rẹ̀?