Etí Alàájì Bísíríyù

Ẹ̀yin ará mọ́ṣáláṣí etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, mo kí yín. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Kíndìnrín mi ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀, dókítà sì ti sọ fún mi pé ọjọ́ tó kù fún mi ò pọ̀ mọ́, n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí bá mi wọlẹ̀. Ọláògún lorúkọ mi, káfíńtà tó ń tún gìtá ṣe ní Ìtamaga, n'Ìkòròdú. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ka ìwé yìí kà á délẹ̀, kí ẹ tó ṣépè fún mi.

Ọdún 2005, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ni Alàájì Bísíríyù, tí í ṣe ládàánì yín nígbà náà, gbé gìtá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Atẹ́gùn ọ̀sà ti mú kí pákó tó di okùn mú ṣí díẹ̀ lójú rẹ̀. Ọwọ́ awakọ̀ òkun kan ló ti rà á nígbà tí òun Alàájì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Gìtá ayé ọjọ́un ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Pákó ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó ti gbẹ dénú, ó sì ti pọ́n bí oyin. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ti ń dán níbi tí àtàǹpàkò Alàájì ti ń gbé láti àádọ́ta ọdún. Igi tí kò tíì gbẹ, ńṣe ló máa ń gbé ohùn mì. Ṣùgbọ́n èyí, tí mo bá ta okùn kan, àwọn tó kù á máa kùn tẹ̀lé e, á sì pẹ́ kó tó dákẹ́. Ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n kò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ojúkòkòrò wọ̀ mí.

Mo gbé gìtá Alàájì pa mọ́, mo mú gìtá tòkunbọ̀ kan tó bá a dọ́gba láti fi rọ́pò rẹ̀. Mo fi omi tíì pa á láwọ̀, mo fi sáńpépà ha ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ títí ó fi ń dán. Mo mọ̀ pé ojú Alàájì ti ń ṣe bàìbàì. Ẹ wo ohun tí mo fi iṣẹ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi ṣe.

Mùnírátù ọmọ rẹ̀ ló mú Alàájì wá lọ́jọ́ tó fẹ́ gba gìtá rẹ̀. Alàájì ta okùn kan. Ó tún un ta, ó gbé etí lé e.

Ó ní, “Ọláògún, ohùn rẹ̀ kọ́ nìyí.”

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Olè tí mo jà burú, ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ tẹ̀lé e ló burú jù.

Mo ní, “Alàájì, ohùn rẹ̀ náà ni. Etí yín ló ti ń di. Àgbà ló dé.”

Ó rọra fọwọ́ kan etí rẹ̀. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, pé mo sọ òótọ́ tí àwọn ará ilé ń fi pa mọ́ fóun.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, mo pàdé Mùnírátù ní ibùdókọ̀ Benson, n'Ìkòròdú. Ó ní bàbá òun ò fọwọ́ kan gìtá mọ́, kò sì pe ìrun mọ́. Bàbá ní etí tí kò dá gìtá òun mọ̀, báwo ló ṣe máa mọ̀ bí ohùn òun bá ṣìnà? Tí wọ́n bá ń ṣèpàdé ẹbí, ẹ̀yìn ni bàbá ń jókòó sí. Mo gbọ́ gbogbo ìyẹn, mo ní Ọlọ́run á fún bàbá ní àlàáfíà. Ìkà ni mí. Gìtá ọ̀hún náà, n kò lè ta okùn rẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà bi mí níbi tí mo ti rí i.

Lóṣù tó kọjá, mo gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì jẹ́wọ́. Alàájì ta okùn kan péré, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Mo rò pé yóò ṣépè fún mi.

Ó ní, “Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń sọ fáyé pé kí wọ́n má gbára lé etí mi. Tí o bá fẹ́ kí n dárí jì ọ́, lọ sọ fún àwọn tí mo sọ ọ́ fún.”

Ẹ̀yin ni mo ń sọ ọ́ fún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, ẹ má ja oníbàárà yín lólè, ṣùgbọ́n bí èṣù bá tì yín, ẹ má fi àìsàn tí kò ṣe oníbàárà bo olè náà mọ́lẹ̀. Etí Alàájì Bísíríyù ò di rí. Èmi ni mo purọ́. Ó wà láàárín yín níbẹ̀ yẹn. Ẹ dákun, ẹ ní kó dìde, kó pe ìrun.