Aṣọ Tútù Ọwọ́ Ìyá Aránṣọ

Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ìyá ìyá mi ló fi òwe yìí tọ́ mi. Orí ẹní rẹ̀ ni mo ti mọ ìwé kà, ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́ àdúrà àti oríkì, mo sì ti fi òwe náà bá ọmọ ọlọ́mọ wí títí tí etí tèmi fi di sí i. Lọ́la ni àwọn dókítà yóò là mí láyà. Wọ́n ní ilẹ̀kùn kan wà nínú ọkàn mi tí kò padé dáadáa mọ́, pé ẹ̀jẹ̀ ń gba ibẹ̀ padà sẹ́yìn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí dókítà ń ṣàlàyé. Ó ní, “Bàbá, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?” N kò lè sọ fún un pé ó ti di ọdún mẹ́fà tí èmi fúnra mi ti mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan ò padé níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Alàgbà Kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń mú ọmọ yín wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kí n gbọ́wọ́ lé e lórí kó tó lọ ṣe ìdánwò, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ irú ọwọ́ tí ẹ ń gbé orí ọmọ yín sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn méjì tó ni ọ̀rọ̀ yìí gan-an ti gbọ́ ọ lánàá. Ó ku ẹ̀yin.

Ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi. Tábìlì kan, iná kan tó tẹrí ba bí ẹni tó ń kí àgbà, abọ́ wẹ́wẹ́ tí mo ń kó súkúrù sí, àti páálí tí mo tẹ́ kí nǹkan má bàa yí sílẹ̀. Bí mo bá tú kọ̀ǹpútà, tí mo yọ háàdì rẹ̀, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń kó gbogbo iṣẹ́ ẹni pa mọ́ sínú, n kì í gbé e kalẹ̀ kí n tó kọ orúkọ ẹni tó ni ín sórí bébà kékeré kan kí n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi èyí sí mi lára. Ó ní, “Kọ ọ́ kí o tó gbé e kalẹ̀. Orí èèyàn kì í ṣe dúrọ́ọ̀ tábìlì tí nǹkan kì í ti í sọnù.” Òótọ́ ló sọ. Háàdì jọ ara wọn ju ìbejì lọ. Bí o bá pe ìbejì, ọ̀kan á dáhùn. Háàdì kì í jẹ́ni.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ni ọmọ Ìyá Aránṣọ àdúgbò wa wọlé, ó gbá láptọ́ọ̀pù rẹ̀ mọ́ àyà bí abiyamọ tó gbé ọmọ onígbóná. Ọdún àṣekágbá ló wà ní yunifásítì. Ó ní, “Bàbá, ẹ gbà mí o. Arúgbó ti dákẹ́.” Mo ní, “Arúgbó wo? Ìyá-ìyá rẹ ni?” Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú omijé tó wà lójú. “Láptọ́ọ̀pù mi ni, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ló lò ó kó tó kàn mí.” Ó gbé e kalẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lórí, ó wá ń kì í bí ẹni ń tu ọmọ tó ń sunkún nínú: “Arúgbó mi, ajẹná-lára-ògiri, abara-gbóná-bí-ẹni-ibà-ń-ṣe, agbọ́rọ̀-mì-má-bì! Dìde, ọjọ́ mẹ́rin ló kù wá kù.” Ọjọ́ mẹ́rin ló kù lóòótọ́ kó gbé ìwé àṣekágbá rẹ̀ síwájú àwọn olùkọ́. Oṣù mẹ́jọ ló fi rin ojúlé dé ojúlé, tó ń bi àwọn abiyamọ léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe bí ara ọmọ bá gbóná. Igba abiyamọ ó lé méjìlá, gbogbo ìdáhùn wọn, inú Arúgbó ló wà. Mo ní, “Ṣé o ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn?” Ó ní, “Orí méjì àkọ́kọ́ wà lọ́dọ̀ olùkọ́ mi. Ìyókù ń bẹ níbí. Ọdún márùn-ún, Bàbá, kò já mi kulẹ̀ rí.” Mo béèrè bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Ó ṣiṣẹ́ dáadáa lánàá. Láàárọ̀ yìí Màmi rí eruku lára rẹ̀, wọ́n fi aṣọ tútù bá mi nù ún. Nígbà tí mo máa tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn.” Mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ mi: *Ìyá fi aṣọ tútù nù ún.* Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn. Bí èèyàn ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ láìtí ì mọ ẹni tí yóò fi gún ni mo ṣe kọ ọ́.

Nígbà tí mo tú Arúgbó, n kò rí omi kankan. Ohun kékeré kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ ló jóná níbi tí iná ń gbà wọlé, ogbó ló pa á. Háàdì rẹ̀ le koko. Mo yọ ọ́ kí n lè kọ́kọ́ da iṣẹ́ ọmọ náà sí ibòmíràn. Háàdì mìíràn wà lórí páálí tẹ́lẹ̀, ti oníṣègùn eyín tó wà ní òpópónà kejì, tó ní kí n nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ nù nítorí ó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà náà ta ẹnìkan lọ́rẹ. Méjèèjì dúdú, méjèèjì ga bákan náà, ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n. Bírò wà lọ́wọ́ mi. Ìgbà yẹn ni onídígí tó wà níwájú mi, tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun lọ́jọ́ náà, nahùn pè mí: “Alàgbà! Àwọn èèyàn ti pé o, ẹnu yín la ń wò!” Mo gbé bírò sílẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́? Kí n ka ení, èjì, ẹ̀ta ni kíkọ orúkọ máa ń gbà, n kò dúró kà á, torí pé èrò pọ̀ níwájú onídígí, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn mi. Àdúrà tí mo gbà lọ́jọ́ náà gùn débi pé ọmọ ọwọ́ kan sùn, ó jí, ó tún sùn. Àmín wọn wú mi lórí. Mo padà sídìí tábìlì, orí mi ṣì wú, mo mú háàdì kan, mo so ó mọ́ ẹ̀rọ, mo ní kó máa nù ún. Irú ìnù yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn lè ṣa padà. Ṣe ni ẹ̀rọ ń kọ òfo lé gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ wà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó parí, mo so ìkejì kí n lè da iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi. Eyín ni mo rí. Àwòrán eyín lóríṣiríṣi, eyín tó ká, eyín tó wó, eyín ọmọdé, gbogbo wọn tò lójú dígí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Àṣìṣe ni títí dé ibẹ̀. Bí mo bá dá a dúró síbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni n bá bẹ̀, ojú á tì mí, á sì tán. Olùkọ́ rẹ̀ ì bá gbọ́ lẹ́nu mi pé ọmọ náà kò jẹ̀bi, bóyá wọn ì bá fún un ní àyè oṣù díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe àmín ṣì wà lójú mi, wọ́n jókòó níwájú onídígí. Mo bá ṣí ìwé iṣẹ́ mi, ojú mi sì bọ́ sórí gbólóhùn yẹn. Mo ti ìka mi bọ inú ife omi tí mo ń mu, mo kán an sórí pátákó inú Arúgbó, ẹ̀ẹ̀mẹta, mo fa iná tábìlì sún mọ́ ọn kó lè gbẹ kó fi àpá funfun sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rán mi. Èṣù tí ẹ fẹ́ dá lẹ́bi kò sí nílé lọ́jọ́ náà, èmi nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ọmọ náà dé lọ́jọ́ kejì, ó ní, “Bàbá, mo sọ fún Màmi pé ọwọ́ Alàgbà ló wà. Wọ́n ní kí n lọ fọkàn balẹ̀.” Mo ní, “Ọmọ mi, omi ti wọ̀ ọ́. Kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀.” “Omi wo, Bàbá?” “Ṣé ìwọ kọ́ lo sọ pé ìyá rẹ fi aṣọ tútù nù ún?” Mo fi àpá náà hàn án. Kò sunkún. Ó wò ó títí, ó ní, “Màmi. Màmi náà ni.” Ó gbé Arúgbó rẹ̀, kò kì í mọ́.

Kò rí ìwé fi síwájú wọn. Ọdún kan ṣòfò, àyè ẹ̀kọ́ gíga tó ń dúró dè é sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn tó ń gbé nítòsí wọn gbọ́ gbólóhùn kan ṣoṣo gba ara ògiri: “Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́, Màmi? Ta ló bẹ̀ yín?” Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Ìyá Aránṣọ wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí o. Ohun tí mo ti sọ látòkè, ẹ lè rí ẹni tó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Èyí, n kò mọ̀. Ó mú aṣọ náà wá. Àjákù aṣọ tó ṣẹ́ kù lára iṣẹ́ oníbàárà ni, ó ká a sí mẹ́rin, ó tẹ́ ẹ síwájú mi. Ó ní, “Alàgbà, òun rèé. Mo fún un dáadáa kí n tó fi nù ún, omi kankan ò kán nínú rẹ̀. Ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé omi tó kù nínú aṣọ yìí lè pa á?” Ó ń wò mí lẹ́nu bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́. Mo fọwọ́ kan aṣọ náà, mo fajú ro bí ẹni tó ń ronú. Mo ní, “Ìyá, omi ò mọ kékeré.” Ó mi orí. Ó ní, “Mo fẹ́ kó mọ́ lójú àwọn olùkọ́ rẹ̀ ni.” Ó wá kúnlẹ̀ sí àárín àwọn wáyà mi, ó ní, “Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó dárí jì mí.” Mo sì gbàdúrà. Mo gbé ọwọ́ yìí, ọwọ́ tó kán omi, mo gbé e lé obìnrin náà lórí, mo ní, “Ọba aláàánú, dárí ji ìyá yìí, torí kò mọ ohun tó ń ṣe.” Ó ṣe àmín ẹ̀ẹ̀meje. Mo kà á.

Ọmọ náà kó lọ sí ìlú mìíràn, ó rí iṣẹ́ kan ṣe níbẹ̀. Ó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n bí ìyá bá pè é, kì í gbé e. Èmi ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ lójoojúmọ́. Eruku bo dígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn. Lọ́jọ́ kan ẹnìkan fi í ṣe yẹ̀yẹ́: “Ìyá Aránṣọ, ẹ kúkú nu dígí yìí, àbí ẹ̀ ń tọ́jú eruku kó lè dàgbà ni?” Ó ní, “Kí n má lọ bà á jẹ́.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi wọ ilé mi, n kò lè jẹun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, bí ọwọ́ yín bá ṣìṣe, ẹ kígbe lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ẹ̀bẹ̀ ṣì lè tó o. Ọjọ́ tí ẹ bá fi òru mọ́jú lórí rẹ̀, kì í ṣe àṣìṣe mọ́.

Lánàá, mo rìn dé ọ̀dọ̀ Ìyá Aránṣọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sinmi lójú ọ̀nà tí ọmọdé ń sáré gbà. Ó fún mi ní àga. Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, láti orí bírò dé orí àmín. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. Ó ní, “Kì í ṣe omi?” Mo ní kì í ṣe omi. “Kì í ṣe ọwọ́ mi?” “Kì í ṣe ọwọ́ yín, ìyá.” Ó yí ọwọ́ méjèèjì padà, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nǹkan rẹ̀ padà fún. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí. Ó ní, “Ẹ dìde, Alàgbà. Ẹ ò ní kú sí ṣọ́ọ̀bù mi, iṣẹ́ oníbàárà wà nílẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ ìdáríjì ṣì wà lẹ́yìn. Fóònù yín dà? Tèmi, ọmọ mi kì í gbé e.” Ó ka nọ́ńbà náà lórí láìwo ibì kankan. Ọmọ náà gbé e. Mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò fo ọ̀kan, ìyá rẹ̀ jókòó síwájú mi, ó di àjákù aṣọ kan mú. Nígbà tí mo parí, mo ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń mí nínú fóònù. Kò bú mi.

Ó wá ní, “Ṣé Màmi wà níbẹ̀?”

Mo ní, “Wọ́n wà níwájú mi.”

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù fún wọn.”