Afárá Tó Wà Lẹ́yìn Wọn

Ẹ̀yin awakọ̀ tó ń gbé aláìsàn, ọ̀rọ̀ yìí há mi lọ́fun bí egungun ẹja, ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ kó tó pa mí. Èmi ni mo kọ́ ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà fún yín. Èmi náà ni mo kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́.

Tẹ́lẹ̀, ó máa ń wá ọ̀nà bí omi tó dànù sórí sìmẹ́ńtì: á yẹ oríta tó sún mọ́ ọkọ̀ jù wò, á bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e, níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún, lósì, títí á fi kan ilé ìwòsàn. Kì í tàsé, àmọ́ ó ń falẹ̀. Ọ̀gá mi ní, "Ṣé ìgbín lo kọ́ ni? Àwọn tó fẹ́ rà á ti ń bọ̀ o!" Mo bá ní kó máa yan oríta tó bá ṣáà ti kọjú sí ilé ìwòsàn, kó má wẹ̀yìn mọ́. Ó yára bí àṣá. Kí àwọn àlejò tó dé, mo dán an wò ní àdúgbò etí odò, níbi tí ilé ìwòsàn wà níwájú, ní òdìkejì omi, tí afárá sì wà lẹ́yìn. Kò bojú wẹ̀yìn. Etí omi ló ń tọ̀ lọ, títí ó fi kan afárá mìíràn lọ́nà jíjìn. Ojú mi méjèèjì ló rí i. Mo dákẹ́, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Wọ́n rà á, wọ́n sì fi í sínú ọkọ̀ yín. Etí odò yẹn ni ọ̀kan nínú yín ti gbé ọmọ kan tí kò lè mí dáadáa. Ìyá rẹ̀ ń ké, "Bàbá awakọ̀, afárá wà lẹ́yìn! Ẹ yí padà!" Bàbá awakọ̀ ní, "Ìyá ọmọ, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀rọ mọ̀ jù wá lọ." Orí itan ìyá rẹ̀ lọmọ náà kú sí, wọn ò tíì kan afárá kankan.

Ìyẹn nìkan kọ́. Nígbà tí wọ́n ń wádìí, mo ní, "Ẹ̀rọ kì í ṣìnà. Awakọ̀ ló falẹ̀." Wọ́n lé e kúrò níṣẹ́ nítorí pé ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Níta, ó dì mí lọ́wọ́ mú: "Ọmọ mi, ìwọ tó mọ̀wé, ká ní mo sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́?"

Lánàá, mo ní kí ọ̀gá jẹ́ kí n tún un ṣe. Ó rẹ́rìn-ín: "Ọjà tá a ti tà? Lọ jókòó jẹ́ẹ́." Mi ò lè fọwọ́ kàn án mọ́. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rọ náà ṣì ń júwe ọ̀nà.

Bàbá, ẹ forí jì mí, ẹ ò jẹ̀bi. Ìyá ọmọ, mi ò tiẹ̀ mọ ẹnu tí mo máa fi bẹ̀ yín. Ẹ̀yin awakọ̀ tó kù, bí ẹ bá gbé aláìsàn létí odò, tí ẹnì kan nínú ọkọ̀ bá ń ké pé kẹ́ ẹ yí padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí padà.